Ejò Tí A Rò Pé Ó Ti Kú

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni ẹ̀gbọ́n mi la igi mọ́ ejò náà lórí. Mo kà á, torí ẹ̀yìn wọn ni mo dúró sí, èmi gan-an ni mo sì ń pariwo pé kí wọ́n tún un là. Nígbà tí igi kẹta balẹ̀, ejò yẹn nà gbọọrọ, kò mira mọ́. Orí rẹ̀ ti fọ́ lápá kan. Ọwọ́ ọ̀tún ni ẹ̀gbọ́n mi fi mú igi, wọ́n wá fi òsì gbé ejò náà ní ìrù kí wọ́n lè lọ jù ú sínú kòtò ìdọ̀tí tó wà lẹ́yìnkùlé. Wọn ò tíì gbé ẹsẹ̀ mẹ́rin tí orí fífọ́ yẹn fi yí sókè, tó sì bu ìka àárín wọn ṣán. Ẹ̀gbọ́n mi ò tilẹ̀ pariwo. Wọ́n ní, "Kí ló gún mi yìí?" Ìgbà tí wọ́n bojú wolẹ̀ ni wọ́n rí i pé ejò ṣì dì mọ́ ìka àwọn.

Ó ti pé ọdún mẹ́fà báyìí. Mo ti rí ejò nínú ilé lẹ́yìn ìgbà yẹn, mo sì ti kọ́ ohun púpọ̀ lọ́dọ̀ àwọn dókítà àti lọ́dọ̀ ẹni tó ń fi ejò mímú ṣiṣẹ́ ṣe, ṣùgbọ́n ibì kan náà ni ọkàn mi máa ń padà sí: ejò yẹn ò wá bá wa jà. Abẹ́ pákó tí a kó jọ ló sùn sí. Bí a ṣe ṣí pákó ló ti ń wọ́ lọ sínú koríko. Ká ní a fún un ní ìṣẹ́jú kan péré ni, ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ẹ̀gbọ́n mi ì bá pé títí dòní.

Ejò kékeré ni. Gígùn rẹ̀ ò ju láti ìgúnpá mi dé orí ìka lọ, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti ewé gbígbẹ, àmì tótòtó tó mọ́ díẹ̀ sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Kí ẹ̀gbọ́n mi tó gbé igi, ó ti ká ara rẹ̀ jọ, ó ń fi ìhà kan ha ìhà kejì, ìró tó ń ti ara rẹ̀ jáde sì dà bí ìgbà tí omi bá kán sórí irin gbígbóná: ṣììì, ṣììì, láìdáwọ́ dúró. Ìpẹ́ ara rẹ̀ ló rí bí eyín ayùn, òun ló fi ń dún bẹ́ẹ̀. Ẹbí paramọ́lẹ̀ ni, Echis ni àwọn onímọ̀ ń pè é, ó sì wà lára àwọn ejò tó ń pa èèyàn jù lọ láyé. Ìkìlọ̀ ni ìró yẹn. Ohun tó ń sọ ni pé, "Mo wà níbí o, ẹ má tẹ̀ mí." Ṣùgbọ́n bí ẹni pé ó ń pè wá níjà ni mo ṣe gbọ́ ọ. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má jẹ́ kó lọ!"

Dókítà ló ṣàlàyé fún mi lẹ́yìn náà pé ejò kì í kú bí ẹran ìyókù ṣe ń kú. Ara rẹ̀ tutù, afẹ́fẹ́ tó ń lò kò pọ̀, torí náà iṣan orí rẹ̀ lè máa ṣiṣẹ́ lọ lẹ́yìn tí ara ti dákẹ́. Orí tí wọ́n gé sọnù pàápàá ṣì lè bu èèyàn ṣán fún wákàtí kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, oró á sì jáde. Ó ní nínú àwọn tí wọ́n ń gbé wá sọ́dọ̀ àwọn, kò ṣọ̀wọ́n kí àwọn gbọ́ pé ibi tí wọ́n ti ń lé ejò, tàbí ibi tí wọ́n ti ń gbé èyí tí wọ́n rò pé ó ti kú, ni ó ti ṣẹlẹ̀.

Ogójì ìṣẹ́jú la fi ṣòfò kí a tó kúrò nílé. Mo fẹ́ sọ ohun tí a ṣe níkọ̀ọ̀kan, torí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ka èyí ni yóò ṣe ohun kan náà bí ẹ̀rù bá bà wọ́n. Mo já okùn tí a fi di pákó, mo fi de ọrùn ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi pinpin títí ọwọ́ fi dúdú. Bàbá kan nínú àwọn aládùúgbò mú bíléèdì wá, wọ́n sín ojú ibi tí eyín ejò wọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹlòmíràn gbé òkúta dúdú lé e, ó ní yóò fa oró jáde. Gbogbo wa là ń sọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́, wọ́n ń sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká máa gbé wọn lọ. Ẹ jẹ́ ká máa lọ." A ní kí wọ́n ṣe sùúrù. Mo ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn lórí ọ̀rọ̀ yẹn, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan.

Òrùka ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi wà ní ìka tó tẹ̀lé èyí tí ejò bù jẹ. Kò sẹ́ni tó rántí rẹ̀ nínú gbogbo wa. Nígbà tí a fi máa dé ilé ìwòsàn, ẹran ìka ti wú bo òrùka mọ́lẹ̀, ìlà wúrà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló kù tí ojú ń rí. Nọ́ọ̀sì mú ayùn róbótó kékeré kan wá, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí. Ó ti irin pẹlẹbẹ kan bọ abẹ́ òrùka kí ayùn má baà kan ara, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í yí i díẹ̀díẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi sì ń fi eyín há ètè. Nígbà tí wúrà já, tó fi ẹ̀mú là á sí méjì, ojú ibi tí òrùka wà rí bí kòtò tí wọ́n gbẹ́ yí ìka ká, ó funfun, kò sí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀ rárá. Nọ́ọ̀sì yẹn sọ̀rọ̀ sí mi jẹ́ẹ́jẹ́, kò bá mi wí. Ó ní, "Lọ́jọ́ mìíràn, kí oró tó parí iṣẹ́ rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ bọ́ òrùka, aago, ẹ̀gbà, bàtà, gbogbo ohun tó bá há. Ìyẹn kò gba ìṣẹ́jú kan."

Wọn kò já okùn tí mo so lójú ẹsẹ̀. Dókítà kọ́kọ́ ki abẹ́rẹ́ dírípù bọ apá ọ̀tún, ó rí i pé oògùn wà nítòsí, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Ó ní bí okùn bá há oró mọ́ ojú kan tí wọ́n sì já a lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gbogbo rẹ̀ lè ya wọ inú ara pa pọ̀. Ó tún ní irú oró yìí ń ba ẹran ara jẹ́ níbi tó bá wà, ẹni tó bá sì dè é mọ́ ìka ti ní kí ó jẹ ìka náà tán nìyẹn. Ohun tó sọ kò ṣeé gbàgbé fún mi.

Ó wá fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ láti apá ọ̀tún, mìlílítà 2, ó dà á sínú ìgò gbọọrọ kékeré kan tó mọ́ tó sì gbẹ, ó gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì, ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ó wo aago. Ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n máa ń fi sílẹ̀. Mo jókòó ti tábìlì yẹn, ojú mi ò kúrò lára ìgò. Ẹ̀jẹ̀ ara tó le, bí ogún ìṣẹ́jú bá pé, yóò ti dì bí ògì tó tutù, bí a bá dorí ìgò kodò kò ní dà. Nígbà tí àkókò pé, dókítà fi ìka méjì mú ìgò, ó tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi ṣàn lọ sẹ́nu ìgò bí omi. Ó tún tẹ̀ ẹ́ padà, ó ṣàn padà. Kò sí kókó kan nínú rẹ̀. Oró ti lo gbogbo ohun tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú ara tán.

Ìgbà yẹn ni ìdí tí ojú bíléèdì méjèèjì ò fi dákẹ́ tó yé mi. Láti ilé ni ẹ̀jẹ̀ ti ń kán níbẹ̀, a ti pààrọ̀ aṣọ lẹ́ẹ̀mẹ́rin nínú ọkọ̀, ó sì ń jáde títí di òru. Ihò eyín ejò kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ, èyí tí àwa fi bíléèdì dá síbẹ̀ ló fẹ́ gba ẹ̀mí ẹ̀gbọ́n mi. Kò sì sí oró kankan tó bá a jáde. Oró ti wọ inú ara jìnnà kí èèyàn tó rí bíléèdì mú. Fífi ẹnu fà á kò mú un jáde, òkúta dúdú kò mú un jáde, yìnyín kò pa á, iná mànàmáná kò pa á. Ohun kan ṣoṣo tó ń pa oró ejò lára ènìyàn ni aporó.

Mo bi dókítà léèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe aporó náà, mo kàn fẹ́ máa sọ̀rọ̀ kí n má baà sunkún. Ó ní oró ejò tí kò pọ̀ ni wọ́n máa ń fún ẹṣin tàbí àgùntàn lábẹ́rẹ́, wọ́n á máa fi kún un díẹ̀díẹ̀, títí ara ẹran náà á fi mọ bí a ti ń bá oró yẹn jà. Nínú ẹ̀jẹ̀ ẹran yẹn ni wọ́n ti ń yọ oògùn. Láti àwọn ọdún 1890 ni Albert Calmette, ará Faransé, ti fi èyí hàn pẹ̀lú oró ejò tó jọ sèbé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Vital Brazil, dókítà ará Bràsíì, fi yé ayé pé aporó ejò kan kì í fi bẹ́ẹ̀ ran ẹni tí ejò mìíràn bù jẹ lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí ìbéèrè tí wọ́n kọ́kọ́ bi wá lẹ́nu ọ̀nà fi jẹ́, "Irú ejò wo ni?"

A gbé ejò náà wá nínú àpò. Inú dókítà ò dùn sí i rárá. Ó ní òun ti rí ẹni tí irú ejò bẹ́ẹ̀ tún bù jẹ nílé ìwòsàn níbẹ̀. Ó ní bí fóònù bá wà lọ́wọ́, tí èèyàn sì lè dúró jìnnà ya àwòrán rẹ̀, ó ti tó. Bí kò bá ṣeé ṣe, kí a fi ejò sílẹ̀, kí a gbé ẹni tó farapa wá, torí ara aláìsàn fúnra rẹ̀ máa ń sọ irú ejò tó bù ú jẹ fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n wò.

Ẹ̀gbọ́n mi kò sanra, mo sì rò pé oògùn náà pọ̀ jù fún wọn. Dókítà nawọ́ sí ibùsùn kejì, níbi tí ọmọbìnrin kékeré kan wà, ó ní iye kan náà ni àwọn máa fún un bí ó bá jẹ́ irú ejò yìí ló bù ú jẹ. Ejò kì í wo bí èèyàn ṣe tóbi tó kí ó tó tu oró. Abẹ́rẹ́ kejì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn tí wọ́n ti fa oògùn sí, adrenaline ni, torí ara ẹlòmíràn máa ń kọ aporó, ó lè wú lójú tàbí kó má lè mí. Èyí nìkan ti tó láti mọ̀ pé aporó kì í ṣe ohun tí a lè rà sílé kí a máa gún ara wa. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́fà wọ́n tún fa ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò. Lọ́tẹ̀ yìí, nígbà tí wọ́n dorí rẹ̀ kodò, kò dà. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi jókòó sílẹ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sì bú sẹ́kún.

Ọjọ́ mọ́kànlá la lò. Aporó mú ẹ̀jẹ̀ dì, ṣùgbọ́n kò lè jí ẹran ara tó ti kú. Wọ́n gé ìka àárín náà kúrò ní oríkèé kejì.

Nígbà tí mò ń sùn lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn wọn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà nípa ọ̀rọ̀ yìí. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ejò ń bu èèyàn bíi mílíọ̀nù 5.4 jẹ lọ́dọọdún, àti pé láàrin 81,000 sí 138,000 ló ń bá a lọ. Àwọn tó ń pàdánù ẹ̀yà ara tàbí tí wọ́n ń di aláàbọ̀ ara tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta iye yẹn. Síbẹ̀, ọdún 2017 ni àjọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ tò ó sí ipò àkọ́kọ́ nínú àwọn àìsàn ilẹ̀ olóoru tí ayé pa tì. Ní 2019 wọ́n gbé ètò kalẹ̀ láti dín ikú rẹ̀ kù sí ìdajì kí ó tó di 2030. Ó dùn mí pé ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń kú yìí, àgbẹ̀ ni, ọmọdé ni, ẹni tó sùn sílẹ̀ nílé ara rẹ̀ ni.

Nígbà tí a padà dé, mo ti pinnu pé n kò ní wá ejò kiri mọ́. Ohun tó ń pè é wá ni mo fẹ́ wá. Bí ògiri ò bá lanu, alángbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Mo wọ bàtà bọ́ọ̀tù, mo wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn, mo tú gbogbo ibi tí pákó wà. Lábẹ́ ipele tó kẹ́yìn ni mo ti rí ilé eku méjì, tí wọ́n fi àkísà aṣọ àti ọ̀rá tẹ́. Ojú ọ̀nà wọn dán láàrin koríko, ó lọ tààrà láti ibẹ̀ dé ibi tí a ń kó oúnjẹ adìyẹ sí. Nígbà náà ni ó hàn sí mi kedere: oúnjẹ adìyẹ tó ń dà sílẹ̀ ló pe eku, eku ló pe ejò, pákó ló fún àwọn méjèèjì nílé. Ẹnu ẹ̀rọ omi tó ń jò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tún ń pe ọ̀pọ̀lọ́, ejò mìíràn sì ń jẹ ọ̀pọ̀lọ́. Àwa la kọ́ ilé fún un, tí a sì ń bọ́ ọ.

A kó oúnjẹ adìyẹ sínú dúrọ́ọ̀mù onídèérí. A tún ẹ̀rọ omi ṣe. A gbé pákó kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, a tò ó lé orí irin tó ga kúrò nílẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ lè máa gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Gbogbo ohun tó jẹ́ àkúfọ́ búlọ́ọ̀kù, páànù àtijọ́ àti táyà, a kó wọn dànù. A gé koríko mọ́lẹ̀ yí ilé ká, a sì gé ẹ̀ka igi tó kan òrùlé.

Inú ilé ni iṣẹ́ tó gbà mí lákòókò jù. Ní alẹ́ ọjọ́ kan mo ní kí ọmọ mi ọkùnrin dúró sóde pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, kí ó máa tàn án sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn àti ìdí ògiri. Èmi pa iná nínú ilé, mo dojú bolẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi kan ilẹ̀. Ibi gbogbo tí ìmọ́lẹ̀ ti wọlé ni mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí. Mo rò pé yóò jẹ́ ibì kan tàbí méjì. Ibi mẹ́rìndínlógún ni. Abẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn nìkan, ìka mi wọ ibẹ̀. Bí àlàfo bá ti ju mìlímítà 6 lọ, ọmọ ejò lè gbà á, ọmọ ejò olóró sì ní oró láti ọjọ́ tí wọ́n bí i. A kan rọ́bà mọ́ ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, a fi sìmẹ́ǹtì dí ìdí páìpù, a fi nẹ́ẹ̀tì onírin bo ojú ihò tí omi ń gbà jáde. Ní alẹ́ kejì mo tún dojú bolẹ̀. Òkùnkùn biribiri ni.

Ọ̀rọ̀ káńfọ̀ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo ti ń da bọ́ọ̀lù káńfọ̀ yí ilé ká, mo sì máa ń sùn fọkàn balẹ̀ nítorí rẹ̀. Nígbà tí mò ń ro ìdí ògiri, mo rí awọ tí ejò bọ́ sílẹ̀, ó gùn, ó mọ́ kedere bí ọ̀rá, ojú ibi tí ẹyinjú wà gan-an hàn lára rẹ̀. Ìdí bọ́ọ̀lù káńfọ̀ mẹ́rin ló wà. Ejò fi wọ́n ha ara rẹ̀ kí awọ lè bọ́. Àwọn tó ti dán káńfọ̀ àti imí-ọjọ́ wò pẹ̀lú ejò rí ohun kan náà: ejò ń gba orí wọn kọjá. Kẹrosíìnì tí àwọn kan ń dà sílẹ̀ náà, kànga àti ilẹ̀ ló ń bà jẹ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ fi owó yẹn ra rọ́bà ìdí ilẹ̀kùn.

Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn kò sí lára ohun tí mo rò pé ó kan ejò, ṣùgbọ́n ó kàn án. Ní Íńdíà àti Nepal, ejò kan wà tó ń jẹ́ krait, òru ló máa ń wọlé, ó sì ń bu àwọn tó sùn sílẹ̀ jẹ. Eyín rẹ̀ kéré débi pé ẹlòmíràn kì í jí. Àwọn olùwádìí tó ṣiṣẹ́ ní Nepal rí i pé ewu náà dín kù gidigidi fún àwọn tó ń sùn sábẹ́ nẹ́ẹ̀tì. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n ti bọ abẹ́ ibùsùn yípo. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó ń sùn sórí ilẹ̀ lásán nílé mi.

Ọdún kan àti oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà ni ìyàwó mi fi ohùn jẹ́jẹ́ pè mí láti ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀. Wọ́n ti gbàgbé láti pa ilẹ̀kùn ẹ̀yìn dé lọ́sàn-án. Sèbé ni, ó dúdú, ó ti gbé orí sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì, ọrùn rẹ̀ ti fẹ̀. Àyà mi já. Ọwọ́ mi ti ń wá igi, mo jẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n mo rí ìka ẹ̀gbọ́n mi lójú inú, mo dúró. A fi ẹ̀yìn rìn jáde díẹ̀díẹ̀. Mo pa ilẹ̀kùn, mo ká aṣọ ìnura mo fi dí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ìyàwó mi kó àwọn ọmọ lọ sílé aládùúgbò. Mo dúró sóde níbi tí mo ti ń wo fèrèsé balùwẹ̀ láti òkèèrè kí n lè mọ̀ bí ó bá gba ibẹ̀ jáde, mo sì pe ẹni tó ń mú ejò, tí mo ti kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀ láti ìgbà tí a ti ilé ìwòsàn dé.

Ọ̀dọ́mọkùnrin ni. Ó kí mi tán, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró síbẹ̀." Ó fi awò ńlá bo ojú, ó mú irin gígùn tí orí rẹ̀ tẹ̀ bí ìwọ̀, ó mú ike ńlá onídèérí. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ó fi jáde. Ejò ti wà nínú ike. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nà án sí mi, ó ní kí n má fọwọ́ kàn án. Ẹ̀kán omi tín-ín-tìn-ìn-tín ló wà lára gíláàsì, wọ́n pọ̀, ó ṣe wẹ́kú pẹ̀lú ibi tí ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì wà. Ejò yẹn ti tutọ́ oró sí i láti ibi tó ju mítà kan lọ, ojú ló sì dojú rẹ̀ kọ. Ó ní bí irú rẹ̀ bá kan ojú èèyàn, kí a má ra ojú rárá. Omi tó mọ́ ni kí a máa dà sí i, kí ó máa ṣàn fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, kí a sì máa dà á lọ títí a ó fi rí ọkọ̀ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Bí omi ò bá sí nítòsí, ohun mímu tí kò ta, bíi wàrà, lè dípò rẹ̀.

Mo bi í pé bí òun ò bá rí àyè wá ńkọ́. Ó ní bí ilẹ̀kùn kan bá wà tó lọ sóde, kí a ṣí i sílẹ̀, kí a kúrò lọ́nà, kí a fún ejò ní àyè. Ọ̀pọ̀ ejò kò lè ta ju bí ìdajì gígùn ara rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá dúró ní ìgbésẹ̀ márùn-ún sí i, tí kì í ṣe irú èyí tó ń tutọ́, apá ejò ò ká a.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un, torí ó ń dẹ́rù bà mí nígbà tí mo bá gbọ́ tí àwọn èèyàn ń sọ pé, "Kò wú, kò sí nǹkan." Oró krait àti ti ọ̀pọ̀ sèbé tí kì í tutọ́ kò dà bí ti paramọ́lẹ̀. Ó lè má wú, ó lè má dun èèyàn púpọ̀. Ìpéǹpéjú ni yóò kọ́kọ́ máa wálẹ̀ bí ti ẹni tó ń tòògbé, ohùn á máa lọ́, itọ́ kò ní ṣeé gbé mì, èémí á wá máa kúrú. Ẹni tí èyí bá ń ṣe kò gbọ́dọ̀ fi ẹ̀yìn lélẹ̀ sùn. Ẹ̀gbẹ́ ni kí a tẹ́ ẹ sí kí itọ́ lè máa jáde. Ẹ fi igi pẹlẹbẹ àti aṣọ de apá tàbí ẹsẹ̀ náà kí ó má mira, bí ìgbà tí egungun bá ṣẹ́, ẹ má jẹ́ kí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn, ẹ sì máa lọ. Ní Ọsirélíà, wọ́n ń fi báńdéèjì wé gbogbo ẹsẹ̀ tàbí apá náà, Struan Sutherland, onímọ̀ nípa oró níbẹ̀, ló gbé ọ̀nà yìí jáde ní àwọn ọdún 1970, ó sì dára fún ejò ibẹ̀. Ṣùgbọ́n fún paramọ́lẹ̀ tí oró rẹ̀ ń jẹ ẹran ara, ó lè ṣe ìpalára. Ẹ bi dókítà tó sún mọ́ yín léèrè kí ó tó di ọjọ́ náà. Ẹ bi wọ́n pẹ̀lú pé ilé ìwòsàn wo ló ní aporó. A kọ tiwa sẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná, àti nọ́ńbà ọmọkùnrin yẹn, àti ti ẹni méjì tó ní ọkọ̀ ládùúgbò.

Nínú oṣù tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi wá bá mi tún pákó tò. Wọn kì í fọwọ́ gbé pákó mọ́. Irin onígun kan tó gùn ni wọ́n ní, etí pákó tó jìnnà sí wọn ni wọ́n máa ń fi í gbé, kí pákó lè dábùú àárín àwọn àti ohun tó bá wà lábẹ́ rẹ̀. Ọmọ mi ọkùnrin wà pẹ̀lú wa. Ní ìdí pákó kan tó ti bọ́ sílẹ̀, mo gbọ́ ìró yẹn: ṣììì. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi sọ irin kalẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ òsì, ọwọ́ tí ìka ibẹ̀ ò pé, ti ọmọ mi sẹ́yìn, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì fi ẹ̀yìn rìn títí a fi dé ẹnu ọ̀nà. Ejò náà dún títí, ó dákẹ́, ó tú ara rẹ̀, ó wá ń lọ ní ìbú gba inú iyanrìn kọjá sí ìdí ọgbà. A dúró wò ó títí ìrù rẹ̀ fi wọ inú koríko.